Ẹni tí Ó Gbà Á Sílẹ̀: Olè nínú Ìtàn àti Sinimá Ìlú Abidjan

Ìtàn olè a máa dùn létí ju ìtàn olódodo lọ. Kí olùkọ́ máa ka ìwé fún àwọn ọmọ ní ọ̀sán, kí oorun sì ti máa kùn wọ́n. Bí ó bá ti dé ibi tí Ìjàpá gbé ń rá wọ inú oko olóko, ojú gbogbo wọn yóò là kedere. Àwọn ọmọ náà kò fẹ́ jalè. Ohun tí ó wù wọ́n ni ọgbọ́n orí, ẹnu dídùn, àìfòyà, àti ayọ̀ tí ó wà nínú kí a rí ilẹ̀kùn ọlọ́rọ̀ tí ó ṣí láìsí kọ́kọ́rọ́. Àwọn àgbà mọ̀ pé adùn yìí léwu. Òwe kan tí wọ́n fi kìlọ̀ fún wa le ju bí a ti í fi ẹnu lásán pa á lọ: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ẹni tí ó gun àjà ni gbogbo ayé ń wò. Ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀, tí ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ni òwe náà ń bá wí. Bí a bá gbé òwe yìí lé orí ìtàn sísọ, ẹni tí ó jókòó, tí ó ń gbọ́ ìtàn olè, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó sì ń bèèrè pé kí ni ó tún kù, òun gan-an ni ó wà nísàlẹ̀ àjà.

Sinimá kan wà tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé lọ. Orúkọ rẹ̀ ni La Nuit des rois, èyíinì ni Òru Àwọn Ọba. Philippe Lacôte, ọmọ ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ni ó ṣe é. Ní àjọ̀dún sinimá ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì, ní oṣù September 2020, ni a kọ́kọ́ fi í han aráyé. Ìlú rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí ìdíje Oscar ní Amẹ́ríkà, ó sì wọ inú 15 tí wọ́n ṣà jáde lára gbogbo èyí tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Abidjan kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè gbọ́ Faransé ní Èjìgbò lẹ́nu ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn olùkọ́ wa mọ̀ nípa ìwé àti eré ìlú náà kò tó nǹkan, nítorí pé odi èdè Faransé wà láàrin. Àdánù ni èyí, nítorí ọ̀rọ̀ tí ń da àwọn olùkọ́ láàmú ní Ìbàdàn àti Èkó ni àwọn ará Abidjan ti ń yiri wò láti nǹkan bí 60 ọdún.

Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ìtàn Lacôte ti ṣẹlẹ̀. Ọgbà náà wà ní tòótọ́. MACA ni àwọn ará ìlú ń pè é, ó wà ní Yopougon, lẹ́bàá igbó Banco. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí 1980, 1,500 ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ní lọ́kàn. Iye tí wọ́n ti kó sínú rẹ̀ láti ìgbà náà ti fi ìlọ́po-ìlọ́po ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lacôte mọ ibẹ̀ láti kékeré, nítorí wọ́n ti ìyá rẹ̀ mọ́lé síbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìṣèlú, òun a sì máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Nínú sinimá náà àwọn wọ́dà wà lóòótọ́, Nivaquine ni ọ̀gá wọn, ṣùgbọ́n ojú ihò ni wọ́n ti ń yọjú wo ohun tí ń lọ. Ẹlẹ́wọ̀n ni ọba. Dangôro ni orúkọ oyè rẹ̀. Ẹni tí ó sì wà lórí oyè ni Barbe Noire, Onírùngbọ̀n-dúdú, tí Steve Tientcheu ṣe eré rẹ̀ bí erin tí ọfà wà lára rẹ̀. Òfin oyè náà kò ní ṣòro láti yé Yorùbá: bí Dangôro bá ti di aláìsàn, tí kò lè ṣe àkóso mọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi pa ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ nípa igbá tí Ọ̀yọ́-Mèsì í gbé fún Aláàfin kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Èémí Barbe Noire kò já geere mọ́, àwọn tí ń du oyè sì ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Láti fi ra ọjọ́ díẹ̀ sí i, ó gbé àṣà àtijọ́ kan dìde: ní òru tí òṣùpá bá pọ́n, a ó yan ẹlẹ́wọ̀n kan, a ó máa pè é ní Roman, yóò sì máa pa ìtàn fún gbogbo ọgbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n ni ojú ọba bà lé. Bakary Koné ni ó ṣe eré rẹ̀, pẹ̀lú ojú ọmọ tí kò tíì mọ̀ bóyá kí òun sá tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó bi í ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Lédè Faransé, roman ni ìwé ìtàn àròsọ; nítorí náà wọ́n sọ ènìyàn di ìwé, wọ́n sì ní kí ó ṣí ara rẹ̀. Òyìnbó ẹlẹ́wọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Silence, tí adìyẹ í jókòó lé léjìká, ni ó wá ta á lólobó pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ìtàn náà parí kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí ọjọ́ tí ìtàn bá parí ni Roman náà yóò parí. Àwọn tí wọ́n ti ka ìtàn Ẹgbẹ̀rún Òru àti Ọ̀kan ti àwọn Lárúbáwá yóò mọ ibi tí okùn náà ti wá.

Ohun tí ọmọ yìí mọ̀ láti sọ ni olè. Ó ti wà lára ẹgbẹ́ àwọn ọmọ jàǹdùkú tí wọ́n ń pè ní Microbes, ọ̀gá wọn, Zama King, ni ó sì fi ṣe ìtàn. Àṣìṣe ńlá ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ibi ikú ni ó ti mú un: àwọn ará àdúgbò ti mú Zama, wọ́n sì ti lù ú pa. Ìtàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Silence wá wọ̀ ọ́ lára, ó yí padà sẹ́yìn, ó ń na ìtàn bí ẹni ń na rọ́bà. Ó sọ nípa Soni, baba Zama, tí í ṣe afọ́jú. Ó sọ nípa ọbabìnrin kan létí òkun tí òun àti arákùnrin rẹ̀ ń fi oògùn bá ara wọn jà. Ó sọ nípa Quartier Sans Loi, Àdúgbò Aláìlófin, níbi tí Zama gbé di ọ̀gá. Bí ó ti ń purọ́ ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń gbè é. Wọ́n ń jó o, wọ́n ń fi ara ṣe é, wọ́n ń fi orin gbà á lẹ́nu rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọdé ti í gbe orin àlọ́ ní ojúde. Nígbà tí ó bá kọsẹ̀, wọ́n á bínú. Nígbà tí ó bá tún parọ́ tí ó dùn, wọ́n á dárí jì í.

Ibi yìí ni ọgbọ́n Lacôte gbé hàn jù lọ. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Roman náà olè ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àpò ènìyàn ni ó ń já ní òru yìí. Òru fúnra rẹ̀ ni ó ń jí, wákàtí kan lẹ́yìn òmíràn, lábẹ́ imú ọba tí ó ń fẹ́ kí ó kú. Gbogbo ohun tí ó fa ojú ẹni mọ́ra lára Zama, lẹ́nu Roman ni ó ti wá. Bí a bá yọ ohùn Roman kúrò, kí ni ó kù? Ọmọ kan tí ó ń fi àdá gba fóònù àti owó ọjà lọ́wọ́ àwọn tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìran ọba, ogun oògùn, baba afọ́jú, gbogbo rẹ̀ ni aṣọ tí a dà bo àdá yẹn. Lacôte kò fi èyí pamọ́. Ó jẹ́ kí a rí i bí ọmọ náà ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, bí ojú rẹ̀ ti ń ré kiri, bí irọ́ ti ń tètè bọ́ sí i lẹ́nu nígbà tí ikú bá súnmọ́ ọn. Sinimá tí ó fi ibi ìránṣọ han ẹni tí ń ra ẹ̀wù ṣọ̀wọ́n.

Irú èyí kọ́ ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ń wò lórí fóònù. Èyí tí wọ́n mọ̀ ni ti ẹgbẹ́ olè alárìnrín tí ó kó ara wọn jọ láti fọ́ ilé owó ńlá kan: ọ̀kan mọ ètò, ọ̀kan mọ kọ́kọ́rọ́, ọ̀kan mọ ẹ̀rọ, ọ̀kan lẹ́nu dídùn bí oyin, ẹgbẹ́ náà a sì ní akọ̀tẹ̀mì kan tí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. La casa de papel, tí àwọn ará Spéìn ṣe ní 2017, ni ó tàn kálẹ̀ jù nínú wọn; Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pe ẹni tí ó ṣe ètò, àwọn ìyókù sì ń jẹ́ orúkọ ìlú ńláńlá ayé. Adùn irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó ya Yorùbá lẹ́nu, nítorí Fágúnwà ti fi í hàn wá ní 1938. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, bí Kàkó ti ní kùmọ̀ rẹ̀ ni Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ ní orin, Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko, Ẹ̀fọ́ìyẹ́ sì ní ọfà tí kì í tàsé. Iṣẹ́ tí ẹnì kan kò lè dá ṣe, ènìyàn méje ṣe é. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ọba ni ó rán wọn lọ sí Òkè Láńgbòdó, fún ire ìlú. Àwọn tí wọ́n ṣe ìtàn ẹgbẹ́ olè mú ayọ̀ tí ó wà nínú ìṣọ̀kan àwọn ọlọ́gbọ́n, wọ́n sì yọ ìlú kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ń wò ó kò tètè mọ̀ pé nǹkan ti sọnù, nítorí ayọ̀ náà kò dín kù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ jíjẹ́ yìí ni ó mú wa padà sí Abidjan, nítorí kò sí ìlú kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Ní 1958, Jean Rouch ará Faransé ṣe sinimá Moi, un noir ní Treichville, nípa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ti ilẹ̀ Niger wá wá iṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́ orúkọ baba rẹ̀ nínú wọn. Ọ̀kan ní òun ni Tarzan. Ọ̀kan ní òun ni Eddie Constantine, ọlọ́pàá inú sinimá tí obìnrin fẹ́ràn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ní òun ni Edward G. Robinson, òṣèré Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọ̀gá jàǹdùkú láti ìgbà Little Caesar ní 1931. Ní ọ̀sán, aláàárù ni. Ní alẹ́, Robinson ni. Kò jalè, ṣùgbọ́n orúkọ olè ni ó rí i pé ó tóbi tó láti wọ̀, nítorí nínú gbogbo ohun tí a fi hàn án lójú sinimá, olè ni ó ń rìn bí ẹni tí kò bẹ̀rù ọ̀gá iṣẹ́. Orúkọ ọmọ náà gan-an ni Oumarou Ganda. Ó ti bá àwọn Faransé jagun ní Indochine kí ó tó dé Treichville, ohun tí ojú rẹ̀ rí sì pọ̀ ju ti jàǹdùkú sinimá lọ. Nígbà tí ó yá, ó fi orúkọ Robinson sílẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ sinimá dání fúnra rẹ̀, ó sì ṣe Cabascabo ní 1969, nípa ọmọ ogun tí ó ti Indochine dé. Ní 1972, sinimá rẹ̀ mìíràn, Le Wazzou polygame, gba ẹ̀bùn ńlá ní àjọ̀dún Ouagadougou. Ó yẹ kí a máa pa ìtàn Ganda fún àwọn ọmọ tí ó bá ń jẹ́ orúkọ olórin tàbí ọmọ Yàhúù ní kíláàsì. A kò ní fi bá wọn wí. A ó fi bi wọ́n léèrè pé kí ni ó wà nínú orúkọ náà tí kò sí nínú tiwọn.

Ohun tí ó jẹ́ eré ní 1958 ti di ètò ìlú nígbà tí Éliane de Latour, ará Faransé tí ó ti pẹ́ láàrin àwọn ọmọ ìta Abidjan, ṣe Bronx-Barbès ní 2000. Bronx jẹ́ àdúgbò ní New York, Barbès wà ní Paris. Àwọn ọmọ náà kó orúkọ wọn wá sọ ibùba ara wọn. Toussaint àti Nixon, ọ̀rẹ́ méjì, wọ inú ẹgbẹ́, wọ́n ń gòkè ní ipò kan lẹ́yìn òmíràn, orúkọ titun sì ń bá ipò titun rìn. Àgbà olè ni a ń pè ní vieux père, baba; ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a máa sìn ín bí ọmọ iṣẹ́ ti í sin ọ̀gá. Obìnrin náà mọ àwọn ènìyàn rẹ̀ dájú, àwọn ọmọ ìta gan-an ni ó sì fi ṣe òṣèré. Bí sinimá náà bá ní àbùkù, òun ni pé ó nífẹ̀ẹ́ òfin ẹgbẹ́ náà jù. Ó ń ṣàlàyé oyè àti ìbúra bí ẹni tí ó ń kọ ìwé nípa ìlú kan, títí ẹni tí ń wò ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ẹran tí ìlú náà ń jẹ, ọjà ẹlòmíràn ni wọ́n ti gbé e.

Lẹ́yìn ogun tí ó tẹ̀lé ìbò 2010, ogun tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 3,000, ni àwọn Microbes jáde ní Abobo. Ọmọdé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n á ya sí òpópó lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àdá àti ọ̀bẹ, wọ́n á ṣá ènìyàn, wọ́n á kó ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á fọ́nká. Inú sinimá ni orúkọ yìí náà ti wá: àwọn ọmọ olè kéékèèké inú La Cité de Dieu, tí àwọn ará Bràsíìlì ṣe ní 2002, ni wọ́n fi jọ ara wọn. Àwọn aráàlú gba orúkọ náà, wọ́n sì ń lò ó bí ó ti rí: kòkòrò àìsàn ni microbe, a kì í sì í bá kòkòrò àìsàn ṣe ẹjọ́, a máa ń pa á ni. Ó tó ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n sun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níná tàbí tí wọ́n lù ú pa. Ìjọba ní kí a má ṣe pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́, kí a máa pè wọ́n ní àwọn ọmọ tí ó ní ìjà pẹ̀lú òfin. Ẹni tí ó bá ti gbé ní ìlú rí mọ̀ pé orúkọ tí a kọ ní ọ́fíìsì kì í lé èyí tí ó ti ojú pópó wá lọ. Zama inú ìtàn Roman, ọ̀kan lára àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a fi ṣe é. Ó wà ní ayé rí, àwọn ará àdúgbò ni wọ́n sì pa á.

Kí a má ṣe rò pé ìlú kan ṣoṣo ni èyí kàn. Ishola Oyenusi tí wọ́n yìnbọn pa ní etí òkun Èkó ní ọjọ́ 8 oṣù September 1971 a máa jẹ́ kí wọ́n pe òun ní Dókítà, èrò sì pọ̀ lọ wò ó bí ẹni lọ wo eré. Ní Abidjan fúnra rẹ̀, nígbà ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ijó tí gbogbo ìlú ń jó ni coupé-décalé, tí Douk Saga àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ti Paris wá. Nínú èdè ìgboro ìlú náà, couper ni kí a lu ènìyàn ní jìbìtì, décaler sì ni kí a ká ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ìyá ọlọ́jà ń jó jìbìtì àti ìsáǹsá, wọ́n sì ń rò pé ijó lásán ni. Ijó náà dùn lóòótọ́, ó sì tu ìlú tí ń bẹ̀rù òru nínú. Douk Saga kú ní 2006. Àwọn ọmọ tí wọ́n wá ń lu jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Abidjan, tí wọ́n ń pè ní brouteurs, ń ná owó ní gbangba bí ó ti ń ná an.

Ohun tí a fẹ́ bá Lacôte sọ wà níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ yé e. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ń gbe orin Roman, àti àwọn wọ́dà tí ń yọjú ní ojú ihò, gbogbo wọn ni ó na ọwọ́ sókè lábẹ́ àjà, àwa tí a ń wò ó náà sì wà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n nínú òwe náà, ẹni kẹta wà tí a kò dárúkọ: ẹni tí ó ni epo. Ta ni Zama jà lólè? A mọ baba Zama, a mọ ọbabìnrin tí baba rẹ̀ sìn, a mọ àdúgbò rẹ̀. A kò mọ ẹnì kan ṣoṣo tí ó jí lọ́wọ́.

Àlọ́ wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ti Ajá àti Ìjàpá, ẹgbẹ́ olè ẹlẹ́ni-méjì. Ajá ni ó mọ ọ̀nà oko iṣu. Ó wa ìwọ̀n tí ó lè gbé, ó sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Ìjàpá kó kọjá agbára rẹ̀, ẹrù wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó ń ké pe Ajá kí ó dúró de òun, ariwo rẹ̀ sì ni ó mú olóko bá a. Ìjàpá dárúkọ Ajá. Ibẹ̀ ni a sábà máa ń parí rẹ̀ sí nínú kíláàsì, tí a ó sì bi àwọn ọmọ pé kí ni ìtàn yìí kọ́ wa. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá àgbà ti í pa á, ó kù. Ajá ti gbọ́ ariwo. Ó ti fi ẹyin adìyẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ti dá iná, ó dùbúlẹ̀ tì í, ó ń gbọ̀n. Olóko dé, Ajá bì, ẹyin fọ́ sílẹ̀ bí èébì aláìsàn, gbogbo ènìyàn sì ní irú ẹni báyìí kò lè wa iṣu. Ajá bọ́. Olè tí ó gbọ́n jù ni ó jẹ èrè rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gé ìdí àlọ́ náà nù nítorí pé ó ń ba òun lẹ́rù. Bí ayé ti rí ni ó wí. Síbẹ̀, olóko kò kúrò lójú wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó jí ní òwúrọ̀, ó rí ebè tí wọ́n ti tú, ó lọgun, ó mú ènìyàn, ó ṣe ìwádìí, a sì tàn án jẹ lójú wa. Ọmọ tí ó rẹ́rìn-ín sí ẹyin Ajá ti kọ́kọ́ rí ebè yẹn.

Bernard Dadié, àgbà òǹkọ̀wé Côte d'Ivoire tí a bí ní 1916 tí ó sì kú ní Abidjan ní 2019, mọ èyí. Òun ni ó kó àlọ́ Kacou Ananzè, Aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, jọ sínú Le Pagne noir ní 1955. Ẹni tí ó bá mọ Ìjàpá yóò kí Kacou Ananzè bí ìbátan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n náà kò ṣàjèjì sí i: wọ́n tì í mọ́lé ní Grand-Bassam ní 1949 nítorí ìjà òmìnira. Nínú eré rẹ̀, Monsieur Thôgô-Gnini, tí a tẹ̀ ní 1970, ó gbé wa lọ sí etí òkun ní 1840, nígbà tí òyìnbó ń wá ra epo. Ọkùnrin kan ti inú òwò náà di ọlọ́lá. Ó ń wọ aṣọ òyìnbó, ó lẹ́nu, ó lérò, kò sì sí ẹni tí kò ní rẹ́rìn-ín sí ìwà rẹ̀. Olè ni, olè alárìnrín gidi. Ṣùgbọ́n Dadié gbé N'Zékou sí iwájú rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ rẹ́ jẹ, ó sì mú wọn dé ilé-ẹjọ́, níbi tí ẹni tí a rẹ́ jẹ ti ní ẹnu tí ó tó ti ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ̀rín tí a ti ń rín bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá di ohun tí à ń ronú lé. Bákan náà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ṣe nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969, níbi tí Lápàdé tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí gbé ń tọ ẹsẹ̀ àwọn olè. Àwọn olè rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n tilẹ̀ lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ń lépa wọn náà mọ̀ ọ́n sọ, a kò sì fún ẹ̀gbẹ́ kan ní gbogbo iyọ̀ kí a fún èkejì ní ata nìkan.

Òru Àwọn Ọba ga ju àwọn wọ̀nyí lọ ní ti àwòrán. Kò sí ohun tí ó dà bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin tí ń fi ara wọn ṣe òkun, ṣe ìlú, ṣe ogun, nínú iyàrá tí kò ní fèrèsé. Ìtìjú Barbe Noire nígbà tí ó wọ inú omi láti mú òfin oyè ṣẹ yóò wà lọ́kàn ẹni fún ìgbà pípẹ́. Olùkọ́ tí ó bá gbọ́ Faransé yóò jèrè bí ó bá fi í han àwọn ọmọ àgbà tí wọ́n wà ní kíláàsì ìkẹyìn, kí ó sì dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí Silence bá kìlọ̀ fún Roman, àti nígbà ikú Zama.

Nítorí ibi ikú Zama nìkan ni àwọn tí ó jà lólè gbé fara hàn. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Lacôte fún olóhun ní ọjọ́ kan yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi àti òkúta ni ó fi lé wọn lọ́wọ́, kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Wọn kò ní orúkọ, wọn kò ní baba, wọn kò ní ọbabìnrin kankan létí òkun. Ogunlọ́gọ̀ ni wọ́n, wọ́n pa ọmọ kan, wọ́n sì bọ́ sẹ́yìn. Roman mọ púpọ̀ nípa ogun oògùn tí kò ṣojú rẹ̀. Bí ó bá ti ń bá Microbes rìn ní tòótọ́, obìnrin kan yóò wà, ní Abobo, tí wọ́n gba àpò owó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó rí ojú rẹ̀, tí òun náà rí tirẹ̀. Òru gùn, ẹ̀rù ń bà á, ó ń wá ìtàn tí yóò fi kún ìtàn, gbogbo ohun tí ó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀ ni ó sọ. Títí ilẹ̀ fi mọ́, kò mẹ́nu kàn án.